Fèrè tó ń ṣe bí ìlù: Maceo Parker ní Köln, 1992

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí mo júbà, ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ gbé fèrè yín láti ilé wá, mo kí yín, ẹ kú ọ̀nà. (Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onífèrè wa sọ lọ́jọ́ Sátidé nìyí, mo kàn tún un kọ sílẹ̀ ni torí àwọn tí ò ráyè wá, bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́, tó bá ń yà síbí yà sọ́hùn-ún ẹ má bínú.)

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tá a gbọ́dọ̀ yanjú. Tẹ́ ẹ bá pe jáàsì létí ọmọ Yorùbá, nǹkan mẹ́ta ló lè wá sí i lọ́kàn. Ọ̀kan ni ìlù òyìnbó tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ń fi igi méjì lù tí wọ́n tún ń fẹsẹ̀ tẹ̀, "ta ló máa lu jáàsì lónìí?", kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èkejì ni oògùn, "wọ́n ti fi jáàsì mú bọ̀dá yẹn jàre." Orin tí àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ló ń ṣe ìkẹta, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí mo ti wá ń rò ó pé àwọn tó kọ́kọ́ fi orúkọ orin pe ìlù yẹn ò ṣì í pe rárá, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí, ìlù ló ń lù, ẹnu fèrè ló kàn ti ń lù ú.

Maceo Parker lorúkọ ẹ̀. Kinston ní North Carolina ni wọ́n bí i sí, 14 February 1943, sasofóònù kékeré tí wọ́n ń pè ní alto ló sì ń fọn. Tẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀, ẹ ti gbọ́ fèrè ẹ̀ rí, torí ẹni tó bá ti gbọ́ James Brown, olórin ńlá ará Amẹ́ríkà yẹn, ti gbọ́ Maceo. Ibi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ tí James Brown pariwo "Maceo!" láàárín rẹ́kọ́ọ̀dù, òun ló ń pè, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ẹgbẹ́ jùjú ṣe máa ń pe onígángan ẹ̀ síwájú láàárín orin, kó wá fi ìlù sọ tiẹ̀.

Ẹ sì wò ó, ìlù gan-an ló gbé e dé ọ̀dọ̀ James Brown. Ní 1964, Melvin Parker, àbúrò ẹ̀, tó ń lu ìlù, ni James Brown ń wá, Melvin ló mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dání pé onífèrè rèé o. Fèrè baritone, èyí ńlá tó ń ké bí ẹfọ̀n yẹn, ni àyè wà fún nínú ẹgbẹ́ nígbà yẹn, Maceo sì gbà á, kì í ṣe ohun tó wù ú jù ló fi wọlé. Ilé James Brown ò rọrùn o. Tó o bá ṣi ohùn kan fọn, owó ìtanràn. Tí bàtà ẹ ò bá dán, owó ìtanràn. Ọkùnrin yẹn á máa jó lọ́wọ́, á máa kọrin lọ́wọ́, á sì máa na ìka sí ẹ láti fi sọ iye tí wọ́n máa yọ nínú owó ẹ, àwọn èrò á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara ijó ni.

Ohun tó ń torí ẹ̀ yọ owó wọn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ bá mi ka mẹ́rin, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ sì fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan yẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀KAN, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ ṣé. Ọ̀kan yẹn ni fọ́ńkì, orin ijó tí James Brown àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣe. James Brown ní gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pàdé lórí ọ̀kan, onígìtá, onífèrè, onílù, ohun tó bá wù yín lẹ lè ṣe láàárín méjì sí mẹ́rin, àmọ́ tí ọ̀kan bá dé kẹ́nikẹ́ni má pẹ́. Kò pàṣẹ fún àwọn onílù nìkan o, onífèrè náà di onílù nínú ilé yẹn, gìtá di ìlù, ohùn òun James Brown fúnra ẹ̀ di ìlù.

Ó yá, ká lọ sí Köln, ìlú kan ní Jámánì.

Láti December 1988 títí di February 1991, James Brown wà lẹ́wọ̀n. Àwọn onífèrè tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró lẹ́yìn ẹ̀ wá rí i pé àwọn fúnra àwọn náà lórúkọ. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní Jámánì, Minor Music, ló gbà wọ́n wọlé, Maceo ṣe àwo kan ní 1990, ó ṣe òmíràn ní 1991, àwọn méjèèjì sì tà láàárín àwọn tó ń gbọ́ jáàsì. Nígbà tó wá di 1992, wọ́n ní kí wọ́n ká òmíràn sílẹ̀ níwájú èrò, wọ́n sì lo Stadtgarten nílùú Köln. Ibẹ̀ kì í ṣe pápá ìṣeré o, gbọ̀ngán tí kò tóbi púpọ̀ ni, ibi tí èrò ti lè rí òógùn ojú onífèrè, tí onífèrè náà sì lè rí ẹni tí kò jó. Àwo tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n pè ní Life on Planet Groove.

Ẹ jẹ́ n ka àwọn tó wà lórí pèpéle fún yín, torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí bí iṣẹ́ ṣe pín. Maceo ń fọn alto. Pee Wee Ellis ń fọn tenor, sasofóònù tó tóbi ju alto lọ. Fred Wesley ń fọn trombone, fèrè gígùn tí wọ́n ń fà síwá fà sẹ́yìn. Àwọn mẹ́ta yìí ti jọ jẹun nínú ìkòkò James Brown, tí ọ̀kan bá fà èémí, àwọn méjì yòókù ti mọ ibi tó ń lọ. Rodney Jones mú gìtá, Larry Goldings jókòó sídìí dùùrù Hammond, Vincent Henry mú gìtá básì, Kenwood Dennard ń lu jáàsì (èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀). Kym Mazelle wá kọrin, ọmọbìnrin Netherlands kan tó ń jẹ́ Candy Dulfer náà sì wá fọn alto pẹ̀lú wọn, kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún nígbà yẹn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti ń fọn fèrè ní gbangba kí wọ́n tó bí òun. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, tí wọ́n ń sọ fún pé fèrè máa ba ètè yín jẹ́, ẹ lọ wá fídíò Candy Dulfer wò.

Nínú àwo yìí ni Maceo ti sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo onífèrè mọ̀ mọ́ ọn. Ó sọ fún àwọn èrò pé ohun táwọn ń ṣe, ìdá 2 nínú 100 ni jáàsì, ìdá 98 yòókù, fọ́ńkì ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń ṣàwàdà, kò sì parọ́, àmọ́ ìdá 2 yẹn ni iyọ̀ inú ọbẹ̀, èló sì ni iyọ̀ nínú odindi ìkòkò ọbẹ̀?

Ẹ wo Pee Wee Ellis. Ọmọ jáàsì ni. Ní 1957, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ó ti ń gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Sonny Rollins, ẹni tó bá mọ Sonny Rollins á mọ̀ pé kò sí ibi gíga tí wọ́n lè rán ọmọ lọ kọ́ tenor tó ju ìyẹn lọ. Òun ló bá James Brown ṣe Cold Sweat ní 1967, orin tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ fọ́ńkì gan-an. Kí làwọn fèrè ń sọ nínú Cold Sweat? Ohùn méjì péré, tí wọ́n ń pààrọ̀, bí ẹni tó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Pee Wee fẹnu ara ẹ̀ sọ pé inú So What, orin jáàsì ti Miles Davis, lòun ti rí ọgbọ́n ẹ̀, èyí tó jáde ní 1959. Sẹ́ ẹ rí i báyìí? Jáàsì ni ohùn méjì yẹn, wọ́n kàn gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti ń jókòó gbọ́ orin, wọ́n gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń làágùn. Pee Wee kú ní September 2021, ọmọ ọgọ́rin ọdún, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo máa sọ ìtìjú ara mi fún yín báyìí, torí ẹ̀yin lẹ pè mí.

Nígbà tí mo ṣì kéré sí báyìí, wọ́n gbà mí síbi ìgbéyàwó kan n'Ìbàdàn, pé tí tọkọtaya bá ń jó wọlé kí n máa fọn fèrè síwájú wọn. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta múra, mo ti gbọ́ gbogbo àwọn onífèrè ńlá ńlá, orí mi ti kún. Bí wọ́n ṣe ní kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo gòkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń da ohùn lé ohùn bí ẹni ń da gààrí sínú àpò, mi ò mí, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mí. Ìyàwó fẹ́ẹ́ jó, kò ríbi tẹsẹ̀ sí. Ó tẹ̀ é síbí, mo ti kúrò níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, mi ò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá ó dúró, ó ń wò mí, ọkọ náà dúró, aṣọ òkè wọn ń dán, èmi nìkan ni mò ń jó nínú gbọ̀ngán. Bàbá onígángan kan tó ti ń wò mí látọjọ́ wá sún mọ́ mi, ó fi kọ̀ǹgọ́ kàn mí lápá, ó ní, "Ọmọ mi, dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè dá ẹ lóhùn." Òun náà wá lu ìlù ẹ̀, gbólóhùn kúkúrú kan, ó dúró. Ìyàwó gbé ẹsẹ̀, ó fi ìdí dá a lóhùn. Ó tún lù ú, ó dúró. Gbogbo ilé dáhùn. Mo kàn gbé fèrè mi sílẹ̀ ni, mo ń wo bàtà mi.

Lọ́dún yẹn náà ni ẹnì kan fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ka Life on Planet Groove sí. Orin àkọ́kọ́, Shake Everything You've Got, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, mo sì jókòó sídìí rédíò pé mo fẹ́ẹ́ gbọ́ fèrè. Kí ni mo gbọ́? Mo gbọ́ bàbá onígángan yẹn. Maceo á sọ gbólóhùn kan, kúkúrú, bí ẹni pe orúkọ èèyàn láti òdìkejì títì, á wá dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn, gìtá ṣì ń lọ, ìlù ṣì ń lọ, ara ẹ náà ti dáhùn kó o tó mọ̀. Á tún pe orúkọ yẹn, á yí ìparí ẹ̀ padà díẹ̀. Á pè é lẹ́ẹ̀kẹta, á wá ti ohùn kan mọ́ ọn nídìí. Kì í sáré. Ẹni tó mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà níwájú òun, kí ló fẹ́ máa sáré fún?

Ẹ jẹ́ n fi hàn yín bó ṣe ń ṣe é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní alto, ẹ gbé e sẹ́nu. Ẹ̀ ń wo rííìdì, igi pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́nu fèrè yẹn, òun ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Tẹ́ ẹ bá kàn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láìfi ahọ́n kàn án, ohùn á máa ṣàn bí omi ẹ̀rọ, bó ṣe ń ṣàn níbi ìgbéyàwó tèmi nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án, ohùn gé. Ẹ yọ ahọ́n kúrò, ohùn bẹ́. Ẹ sọ "tá" pẹ̀lú mi, láìsí fèrè: tá. Tá-tà. Tá-tà, tá. Ó yá, ẹ má sọ "tá", ẹ sọ "tát", kẹ́ ẹ fi ahọ́n ti ilẹ̀kùn náà padà kíákíá. Tát. Tát-tàt. Ó le, àbí? Ọ̀pọ̀ wa mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ohùn, a ò mọ bí a ṣe ń parí ẹ̀. Ohùn Maceo máa ń ní orí, ó máa ń ní ìdí, ìdí yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí èèyàn mi orí. Ahọ́n ẹ̀ ni kọ̀ǹgọ́ ẹ̀, rííìdì ni awọ.

Afẹ́fẹ́ náà ṣì gbọ́dọ̀ kún inú o, kẹ́ ẹ má lọ máa fọn ún tín-ín-rín torí pé mo ní kó kúrú. Ó kúrú, ó sì sanra. Ẹ máa fi métíróónómù, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù fún èèyàn, ṣe é nílé, kẹ́ ẹ fi rọra bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lo ohùn kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ará ilé yín á bú yín. Wọ́n bú èmi náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlù wa, ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kí ló jẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ sọ? Omele. Omele tó ń sọ nǹkan kan náà láti àárọ̀ títí di alẹ́ tí kò rẹ̀ ẹ́ ni ilẹ̀ tí ìyáàlù ń jó lé. Tí omele bá ní òun náà fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀, ó parí. Rodney Jones ni omele níbi tí mò ń sọ yìí, gìtá ẹ̀ ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ gbogbo rẹ̀, mo ti lo ìrọ̀lẹ́ kan rí tó jẹ́ pé gìtá yẹn nìkan ni mo tẹ́tí sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo ní kí n wò ó bóyá á rẹ̀ ẹ́. Èmi ló rẹ̀.

Ẹnì kan máa bi mí pé kí ló kàn wá pẹ̀lú àwọn ará North Carolina. Ó kàn wá dáadáa. Láàárín àwọn ọdún 1960, Geraldo Pino, ọmọ Sàró, kó ẹgbẹ́ ẹ̀ wá sí Èkó, orin James Brown ló ń kọ, Fela fúnra ẹ̀ sì sọ pé nǹkan yẹn mi òun. Ní 1966, Orlando Julius, ọmọ Ìkòlé-Èkìtì, ti gbé Super Afro Soul jáde, sasofóònù, àwọn ìlù wa àti soul, orin àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà, nínú ìkòkò kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ nǹkan tó ń jẹ́ Afrobeat káàkiri ayé. James Brown wá sí Nàìjíríà ní 1970, Bootsy Collins tó ń ta gìtá básì fún un nígbà yẹn sì máa ń sọ ọ́ pé àwọn lọ wo Fela ní kíláàbù ẹ̀, pé ohun táwọn gbọ́ níbẹ̀ ju ohun tó ń tẹnu sọ lọ. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé Maceo ò sí nínú ẹgbẹ́ lásìkò yẹn, òun àti ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bínú kúrò lọ́dọ̀ James Brown lọ́dún kan náà, ó di 1973 kó tó padà. Ẹ rò ó wò ná, ká ní ó dé Èkó, kó jókòó kó máa wo Tony Allen, onílù Fela.

Fela gan-an, fèrè ìpè ló kọ́ ní London, nígbà tí Igo Chico tó ń fọn tenor fún un kúrò ló gbé sasofóònù fúnra ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé jáàsì máa ń ní Fela kì í ṣe ọ̀gá nídìí tenor, ìka ẹ̀ ò yá tó. Lójú tèmi, wọ́n ń wọn àgbàdo pẹ̀lú òṣùwọ̀n aṣọ. Fela á gbé gbólóhùn kékeré kan, á máa yí i, á máa yí i, títí tó fi máa di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé mọ̀ sórí. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ́.

Kí n má parọ́ fún yín, àwo Köln yìí ò dùn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Níbì kan láàárín ẹ̀, àwọn orin kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ jù fún mi, mo máa ń fò wọ́n. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé Georgia on My Mind, ẹ dúró. Ray Charles ni òrìṣà Maceo láti kékeré, orin tí gbogbo ayé sì mọ̀ mọ́ Ray Charles nìyí. Ẹni tó ti ń fi ahọ́n gé ohùn láti ìrọ̀lẹ́ wá jẹ́ kó gùn, ó jẹ́ kó ṣàn. Ibẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé ó lè ṣe é, pé gbogbo gígé tó ti ń gé látẹ̀yìn wá, yíyàn ló yàn án. Ìdá 2 yẹn náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, àwọn ọmọ béèrè ìbéèrè. Ọ̀kan ní ṣé dandan ni kóun ra fèrè olówó ńlá, mo ní rárá, rííìdì tuntun ni kó kọ́kọ́ rà, èyí tó wà lẹ́nu fèrè ẹ̀ ti dúdú bí eyín amutábà. Òmíràn béèrè bóyá wọ́n lè fi fọ́ńkì yin Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà wò mí, mo ní kó lọ bi olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà ló wá nawọ́ sókè, ó ní, "Bọ̀dá, ẹni tó ń ta gìtá kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, ṣé iye tí wọ́n san fún Maceo ni wọ́n san fún òun náà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá jẹ́ èmi ni mo di owó náà lọ́wọ́, òun ni mo máa kọ́kọ́ san tiẹ̀.